Ta Ni Ó Ń Fi Yìnyín Kún Ọkọ̀?

Ní oṣù yìí, ọ̀rọ̀ yìnyín ni a fẹ́ bá yín sọ. Kì í ṣe èyí tí ń bá òjò rọ̀ lu páànù o, bí kò ṣe èyí tí àwọn ará Amẹ́ríkà fi ń gbé èso àti ẹran la ilẹ̀ wọn já nínú ọkọ̀ ojú irin, kí ẹ̀rọ tó wá gba iṣẹ́ náà ṣe. Ìtàn náà dùn, ẹ̀kọ́ sì wà nínú rẹ̀ fún baba, fún ìyá àti fún ọmọ.

Gbogbo wa ni a mọ̀ pé ohun tí a kórè lónìí, bí ooru bá mú un, kò ní pẹ́ bàjẹ́. Ìyá tí ń ta tòmátì kò nílò olùkọ́ lórí èyí. Ìṣòro tí ó dojú kọ àwọn àgbẹ̀ California nìyẹn. Ilẹ̀ wọn lọ́ràá, ọsàn àti èso àjàrà ń so níbẹ̀ wìtìwìtì. Ṣùgbọ́n ìlà oòrùn, ní New York àti àwọn ìlú ńlá mìíràn tí ó tó nǹkan bí 3,000 máìlì sí wọn, ni àwọn olówó tí yóò rà á wà. Ní 1869 ni ojú irin kọ́kọ́ la orílẹ̀-èdè náà já. Ọ̀nà ti wà, ọkọ̀ ti wà. Ṣùgbọ́n èrè wo ni ó wà nínú kí a fi ọkọ̀ kó èso jíjẹrà dé ọjà?

Ní ti ẹran, ààyè ni wọ́n ń kó màlúù láti Chicago lọ sí ìlà oòrùn. Ọ̀pọ̀ a máa rù lójú ọ̀nà, òmíràn a kú. Èyí tí ó tilẹ̀ burú jù ni pé wọ́n ń san owó ọkọ̀ lórí ìwo, awọ àti egungun tí ẹnikẹ́ni kò ní jẹ. Alápatà kan tí ń jẹ́ Gustavus Swift, tí ó dé Chicago ní 1875, rò ó pé ó sàn kí òun pa màlúù ní Chicago, kí ẹran nìkan máa lọ. Ó gba oníṣẹ́ ẹ̀rọ kan, Andrew Chase, ẹni tí ó ṣe wágọ́ọ̀nù olóyìnyín tí ó ṣeé gbára lé fún un ní nǹkan bí 1878. Ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ ọkọ̀ ojú irin kò fẹ́ràn rẹ̀, nítorí wọ́n ti ná owó púpọ̀ sórí ọkọ̀ màlúù. Ilé iṣẹ́ Grand Trunk, tí ọ̀nà rẹ̀ gba Canada kọjá, ni ó gbà láti gbé ẹran náà.

Báwo ni wágọ́ọ̀nù yìí ṣe ń ṣiṣẹ́? Ó dà bí àpótí ńlá tí a kàn, tí a fi ohun tí kì í jẹ́ kí ooru wọlé sínú ògiri rẹ̀. Ní ìpẹ̀kun méjèèjì ni yàrá yìnyín wà, tí a ń ti ihò orí òrùlé rọ yìnyín sí. Atẹ́gùn tí ó bá kan yìnyín a tutù, a sọ̀ kalẹ̀, a sì gba abẹ́ wọ àárín ẹrù. Èyí tí ó gbóná a gòkè padà lọ bá yìnyín. Bí ó ti ń yí nìyẹn tọ̀sán-tòru. Fún ẹran, wọ́n a da iyọ̀ mọ́ ọn, nítorí iyọ̀ a máa mú kí òtútù yìnyín le sí i. Nígbà òtútù líle ẹ̀wẹ̀, ààrò kékeré ni wọ́n ń gbé sí yàrá yìnyín kan náà, kí ọ̀dùnkún má baà dì.

Ní ìbẹ̀rẹ̀, inú adágún ni yìnyín ti ń wá. Bí omi bá dì, àwọn òṣìṣẹ́ a fi ayùn gé e bí ẹni ń gé pákó, wọ́n a kó o pamọ́ sí ilé ńlá, wọ́n a sì fi lẹ́búlẹ́bú pákó bò ó títí di ìgbà ooru. Nígbà tí ó yá, wọ́n kọ́ ilé iṣẹ́ tí ń ṣe yìnyín. Ní 1906, Union Pacific àti Southern Pacific pawọ́ pọ̀ dá ilé iṣẹ́ Pacific Fruit Express sílẹ̀. Ilé yìnyín rẹ̀ ní Roseville, ní California, di èyí tí wọ́n ń pè ní títóbi jù lọ ní ayé.

Wàyí o, ẹ fi ọkàn sí ibi tí ọ̀rọ̀ wà. Nǹkan bí 5 tọ́ọ̀nù yìnyín ni wágọ́ọ̀nù èso kan ń gbà. Búlọ́ọ̀kù yìnyín kan a máa wọn pọ́ùn 300, ó ju àpò sìmẹ́ǹtì méjì lọ. Ṣùgbọ́n bí ó ti wù kí ó tóbi tó, yìnyín a máa yọ́! Ìrìn àjò náà sì lè gba ọ̀sẹ̀ kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, nínú aṣálẹ̀ àti lórí òkè. Nítorí náà ni wọ́n ṣe kọ́ ibùdó yìnyín káàkiri ọ̀nà, tí èkíní jìnnà sí èkejì tó nǹkan bí ìrìn ọjọ́ kan. Níbẹ̀, pèpéle gígùn wà tí ó ga tó òrùlé ọkọ̀. Àwọn ọkùnrin tí ó mú ọ̀pá onírin lọ́wọ́ a dúró lórí rẹ̀, wọ́n a máa ti búlọ́ọ̀kù, wọ́n a máa fọ́ ọ, wọ́n a sì máa fi kún wágọ́ọ̀nù kan tẹ̀lé òmíràn. Bí ọkọ̀ dé lóru, òru ni wọn yóò ṣe é.

Àgbẹ̀ tí ó gbin èso náà kò sí níbẹ̀. Ẹni tí yóò jẹ ẹ́ kò mọ orúkọ wọn. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá fo ibùdó kan, làálàá odindi ọdún lè bàjẹ́ kí ilẹ̀ tó mọ́. Àwọn àgbẹ̀ mìíràn wà tí owó ọjà wọn kò tó san owó ọkọ̀, tó fi jẹ́ pé ìwé gbèsè ni wọ́n rí gbà dípò èrè.

Ìparí ìrìn àjò ni àgbàlá irè oko tí ó wà ní àwọn ìlú ńlá. Ní Pittsburgh, ilé iṣẹ́ ọkọ̀ ojú irin Pennsylvania kọ́ ilé kan ní 1926 tí ó gùn láti òpópónà 16 dé òpópónà 21. Ọkọ̀ ojú irin ń já ẹrù ní ẹ̀gbẹ́ kan, àwọn oníṣòwò ń gbé e ní ẹ̀gbẹ́ kejì, wọ́n sì ń ta èso ní gbàǹjo nínú ilé. Ilé náà ṣì wà di òní, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ṣọ́ọ̀bù àti ọ́fíìsì ni wọ́n ti sọ ọ́ dà.

Ṣé ìwà ìrẹ́jẹ kò wá wọ inú rẹ̀ ni? Ó wọ̀ ọ́. Àwọn àgbẹ̀ kígbe pé owó yìnyín tí àwọn tí ó ni wágọ́ọ̀nù ń gbà pọ̀ jù. Ní 1906, òfin tí a ń pè ní Hepburn fi owó yìnyín pàápàá sábẹ́ àbójútó ìjọba. Ẹni tí ẹrù rẹ̀ ń yọ́ kò lè dúró dúnàá-dúrà. Ìdí nìyẹn tí ó fi yẹ kí òfin bá a dúró.

Ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ wà lára ohun tí ó wá gba iṣẹ́ yìnyín ni Frederick McKinley Jones, ọkùnrin aláwọ̀ dúdú tí a bí ní 1893. Kò rí òbí tọ́ ọ dàgbà, kò sì pẹ́ ní ilé ìwé. Ìwé kíkà fúnra rẹ̀ àti iṣẹ́ ọwọ́ ni ó sọ ọ́ di ọ̀gá. Ní ìparí àwọn ọdún 1930, ó ṣe ẹ̀rọ amú-nǹkan-tutù fún ọkọ̀ akẹ́rù, èyí tí gbọ̀n-ọ́n-gbọ̀n-ọ́n ojú ọ̀nà kò lè bàjẹ́. Ó kú ní 1961. Ní 1991 ni ìjọba Amẹ́ríkà fi àmì ẹ̀yẹ ńlá ti ìmọ̀ ẹ̀rọ dá a lọ́lá. Nígbà tí ó fi di ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970, iṣẹ́ orí pèpéle yìnyín ti kásẹ̀ nílẹ̀. Òkú Èkó tí ẹ̀yin ìyá ń fi se ọbẹ̀ pàápàá, òtútù ẹ̀rọ ni ó ń gbé e bọ̀ láti ojú òkun. Bí ẹnì kan bá sì pa ẹ̀rọ náà lójú ọ̀nà, imú ni yóò sọ fún yín!

Sólómọ́nì, nínú Òwe 25:13, fi ìránṣẹ́ olóòótọ́ wé òtútù ní ìgbà ìkórè. Àwọn ọkùnrin orí pèpéle wọ̀nyẹn jẹ́ kí a mọ ohun tí ó túmọ̀ sí. Wọn kò gbin nǹkan kan, wọn kò ta nǹkan kan; wọ́n kàn ń dá ohun tí ó yọ́ padà sí àyè rẹ̀, lójoojúmọ́.

Kò sí ilé tí irú ẹni bẹ́ẹ̀ kò sí. Ẹni tí ń jí dáná kí ẹnikẹ́ni tó jí, ẹni tí ń wá owó ilé ìwé ní táàmù dé táàmù, ọmọ tí kì í jẹ́ kí omi tán nínú àmù. Iṣẹ́ wọn kì í hàn, àfi ọjọ́ tí wọn kò bá ṣe é. Ẹ wo inú ilé yín ní ọ̀sẹ̀ yìí, kí ẹ wá ẹni náà rí, kí ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kí ẹ sì bá a gbé búlọ́ọ̀kù kan.

Ó di oṣù tí ń bọ̀.