Èéfín Ọkọ̀ àti Ẹ̀dọ̀fóró Àwọn Ọmọ Ilé Ẹ̀kọ́

Ní ọjọ́ 16 oṣù Kejìlá ọdún 2020, ìdájọ́ kan wáyé ní Lọ́ńdọ́ọ̀nù, irú èyí tí wọn kò gbọ́ rí ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Philip Barlow, adájọ́ tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti wádìí ohun tó fa ikú, sọ pé afẹ́fẹ́ tó ti bàjẹ́ wà lára ohun tó ṣekú pa Ella Adoo-Kissi-Debrah, ọmọdébìnrin ọlọ́dún mẹ́sàn-án tó kú ní oṣù Kejì ọdún 2013. Èéfín ọkọ̀ ni ó pọ̀ jù nínú ohun tó ba afẹ́fẹ́ náà jẹ́.

Ìtòsí títì South Circular, níbi tí ọkọ̀ kì í dáwọ́ dúró, ni ilé àwọn òbí ọmọ náà wà. Ikọ́ fée, tí àwọn mìíràn ń pè ní asimá, ni ó ń bá a jà. Láàárín ọdún mẹ́ta, ó tó nǹkan bí ìgbà 30 tí wọ́n gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. Ìwádìí àkọ́kọ́, ní ọdún 2014, kò ka èéfín ọkọ̀ kún ohun tó fa ikú rẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà ní bí a bá ń sunkún, a a máa ríran. Ìyá rẹ̀, Rosamund, tí í ṣe olùkọ́, kò dákẹ́. Ọ̀jọ̀gbọ́n Stephen Holgate fi àwọn ọjọ́ tí wọ́n gbé ọmọ náà dé ilé ìwòsàn wé àkọsílẹ̀ ẹ̀rọ tí ń wọn afẹ́fẹ́ ní àdúgbò wọn, ó sì rí i pé àwọn méjèèjì tan mọ́ra. Ní ọdún 2019, ilé ẹjọ́ gíga wọ́gi lé ìdájọ́ àkọ́kọ́, ó sì pàṣẹ pé kí wọ́n tún ọ̀ràn náà wádìí.

Kí ló dé tí èéfín fi ń ṣe ọmọdé lọ́ṣẹ́ ju àgbàlagbà lọ? Ẹ̀dọ̀fóró ọmọdé ṣì ń dàgbà. Ọmọdé a máa mí kíákíá ju àgbà lọ. Bẹ́ẹ̀ ni imú rẹ̀ kò jìnnà sí ihò tí ọkọ̀ fi ń tu èéfín. Ní gúúsù Kalifóníà, àwọn onímọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í tọpa àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ ní ọdún 1993. Wọ́n rí i pé ẹ̀dọ̀fóró àwọn tó ń gbé láàárín 500 mítà sí òpópónà ńlá kò dàgbà tó ti àwọn tó jìnnà sí i. Ṣùgbọ́n nígbà tí òfin mú kí afẹ́fẹ́ mọ́ sí i, ẹ̀dọ̀fóró àwọn ọmọ tó tẹ̀ lé wọn dàgbà dáadáa jù.

Ohun tó bá ojú ti bá imú. Ní ọdún 2016, òfin Nàìjíríà ṣì gba imí ọjọ́ tó tó ìdá 3,000 nínú mílíọ̀nù kan láàyè nínú epo dísẹ́ẹ̀lì, nígbà tí ti Yúróòpù jẹ́ 10 péré. Ní oṣù Kejìlá ọdún náà, Nàìjíríà àti àwọn orílẹ̀-èdè kan tó múlé tì í fohùn ṣọ̀kan láti dẹ́kun kíkó irú epo bẹ́ẹ̀ wọlé. Gánà fi òfin 50 lélẹ̀ fún epo tí wọ́n ń kó wọlé ní oṣù Keje ọdún 2017. Ní ọdún 2020, ECOWAS fi 50 kan náà lélẹ̀ fún gbogbo ẹkùn yìí. Ọ̀tọ̀ ni kí a kọ òfin sílẹ̀, ọ̀tọ̀ ni kí a mú un ṣẹ.

Ẹ̀yin ọmọ Yorùbá tí ń gbé Kánò, Kàdúná àti Jọ́ọ̀sì, ẹ mọ̀ pé nígbà ọyẹ́, eruku a máa kún èéfín. Kí òbí má ṣe yára sọ pé òtútù tàbí ọwọ́ ayé ni nígbà tí àyà ọmọ bá ń dún fée. Ilé ìwòsàn ni kí ó gbé e lọ. Nínú ìpàdé òbí àti olùkọ́, ẹ béèrè pé kí ọkọ̀, ọ̀kadà àti kẹ̀kẹ́ Márúwá máa pa ẹ́ńjìnnì wọn lẹ́nu ọ̀nà ilé ẹ̀kọ́, kí ẹ̀rọ amúnáwá sì jìnnà sí fèrèsé kíláàsì. Bí ọ̀nà ẹ̀yìn bá wà tí kò léwu, kí àwọn ọmọ máa gba ibẹ̀. Ọmọ tí ikọ́ kò jẹ́ kí ó sùn lóru kò lè gbọ́ ohun tí olùkọ́ ń sọ lọ́sàn-án.