Ẹ Má Ta Irà fún Wa Mọ́

Àwọn àgbà ní àbàtà ta kété bí ẹni pé kò bá odò tan. Ẹ wá wo ẹ̀yìnkùlé wa ní oṣù Kẹwàá, ẹ ó rí bí wọ́n ṣe tan tó. Odò Ògùn á kún, dáàmù Ọ̀yán á ṣílẹ̀kùn fún omi tó ti mù ún dé ọrùn, gbogbo rẹ̀ á máa sáré bọ̀ sí ọ̀sà Èkó. Ibi tó ti ń yà sinmi ni irà tó wà láàrin Ìṣẹ́rì, Ajégúnlẹ̀ àti Májídùn. Nígbà tí a ti wá da yanrìn dí ibẹ̀, pálọ̀ wa ló ń yà sí.

Ilé kan wà ní àdúgbò wa tó ń sọ̀ kalẹ̀ wọlé bí ẹni ń wọ kànga, nítorí yanrìn tí gbogbo wa ń dà yí i ká. Ilà omi ọdún tó kọjá ṣì wà lára ògiri rẹ̀, ó ga ju súìsì iná lọ. Mo mọ̀ nítorí mo wà lára àwọn tó da yanrìn náà. Ilẹ̀ irà pọ́ọ́kú, mo rà á; mo ka típà yanrìn dé ogójì kí n tó ṣíwọ́ kíkà. Ilẹ̀ tèmi gbẹ. Omi tí mo lé ló lọ bá aládùúgbò mi.

Irà kì í ṣe ilẹ̀ tí Ọlọ́run gbàgbé láti parí. Ibẹ̀ ni ẹja ń pamọ sí, ibẹ̀ ni àkúrọ̀ tó ń fún wa ní tẹ̀tẹ̀ àti ewédú nígbà tí oko òkè ti gbẹ.

Ọjọ́ kejì oṣù Kejì, 1971, ni wọ́n fọwọ́ sí àdéhùn ìdáàbòbò irà ní ìlú Ramsar ní Ìráànì. Nàìjíríà náà ti wọ̀ ọ́. Ọjọ́ yẹn ni gbogbo ayé ń ṣe ọjọ́ irà. Àárín ẹ̀ẹ̀rùn ló bọ́ sí lọ́dọ̀ wa, nígbà tí ilẹ̀ le, tí típà rọ́nà wọlé, tí irà sì ń jọ ilẹ̀ gidi lójú ẹni tó fẹ́ rà á. Ìgbà náà gan-an ló yẹ ká dìde.

Ẹ̀yin ọmọ onílẹ̀, ẹ dákun, ibi tí àwọn bàbá yín fi sílẹ̀ fún omi, ẹ má tà á fún wa mọ́. Ẹ̀yin apẹja, ẹ gbé àwọ̀n olójú wẹ́wẹ́ tì, kí ọmọ ẹja lè dàgbà. Ẹ̀yin alákùúrọ̀, ẹ má kúrò. Ẹ̀yin lẹ máa ń kọ́kọ́ rí típà. Ẹ ké sí wa, bó jẹ́ òru. Kí ẹgbẹ́ àdúgbò kọ̀ọ̀kan mú àwọn àgbà tó mọ ibi tí omi ń dé dání, kí wọ́n ri òpó síbẹ̀, kí wọ́n sì kọ̀wé sí ìjọba ìbílẹ̀ pé ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ kọ́lé kọjá rẹ̀.

Òpó tiwa, ó di Sátidé tó ń bọ̀, aago méje àárọ̀. Ẹ wọ bàtà òjò. Èmi ni n ó ra ọ̀dà pupa tí a ó fi kùn ún, ẹ̀yìn ilé tèmi la ó sì ti bẹ̀rẹ̀.