Èrò Kọ́ Ni Àlejò: Lórí Pẹ́tẹ́ẹ̀sì Àtijọ́ Kan ní Iléṣà

Láìpẹ́ yìí ni mo sùn fún alẹ́ mẹ́ta nínú pẹ́tẹ́ẹ̀sì àtijọ́ kan ní Iléṣà. Oníṣòwò aṣọ kan ló kọ́ ọ láyé ọjọ́un. Àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀ ti tún òkè rẹ̀ ṣe, wọ́n sì ń gba àlejò sí i. N kò ní dárúkọ ilé náà, nítorí ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀ níbẹ̀ kò tí ì parí. Ẹnìkan fẹ́ ra ilẹ̀ náà, kí ó wó ilé, kí ó sì kọ́ ṣọ́ọ̀bù síbẹ̀. Ẹbí yóò ṣe ìpàdé lé e lórí ní oṣù Kejìlá. Olórí ẹbí wá sọ fún mi pé, "Dọ́kítà, ẹ bá wa dá sí i." Ìmọ̀ èdè ni mo kà, n kò ka ìmọ̀ ilé kíkọ́. Síbẹ̀, bí mo ṣe ń rò ó ni mo rí i pé ọ̀rọ̀ èdè wà nínú rẹ̀, ibẹ̀ sì ni n ó ti bẹ̀rẹ̀.

"Ilé ìtura" ni a ń kọ sí pátákó àwọn òtẹ́ẹ̀lì wa lónìí. Àwọn tó túmọ̀ Bíbélì sí Yorùbá, èyí tí odindi rẹ̀ jáde ní 1884, "ilé èrò" ni wọ́n pe ibi tí Jósẹ́fù àti Màríà kò ti ráyè wọ̀. Ọ̀rọ̀ tó dára ni, ṣùgbọ́n èrò yàtọ̀ sí àlejò. Èrò ni ẹni tó ń kọjá lọ: èrò ọkọ̀, èrò ọ̀nà, èrò ọjà. Kò sí ẹni tí í bèèrè pé èrò ta ni. Bí mo bá tilẹ̀ sọ pé "èrò mi", ohun tí mo ń rò lọ́kàn ni ẹ ó gbọ́, ẹ kò ní gbọ́ ẹni tó sùn sílé mi. Àlejò ní tirẹ̀ kò lè dá wà. Àlejò ẹnìkan ni í ṣe, bí ọmọ ṣe jẹ́ ọmọ ẹnìkan. Ẹ tún wo ọ̀rọ̀-ìṣe "wọ̀". Bí àwọn àgbà bá bi arìnrìn-àjò pé, "Ilé ta ni ẹ wọ̀ sí?", orúkọ ènìyàn ni wọ́n ń retí. Ní ọdún kan tí mo kó àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lọ sí ọdún Ọ̀ṣun ní Òṣogbo, nínú oṣù Kẹjọ, òtẹ́ẹ̀lì tuntun kan ni a sùn sí. Ọ̀kan nínú àwọn ìyá tó wà lójúbọ bi mí ní ìbéèrè yìí gan-an. Nọ́ńbà yàrá nìkan ni mo ní lẹ́nu. Ìyá náà rẹ́rìn-ín.

Kò sí ẹni tó mọ ọ̀rọ̀ yìí tó àwọn Ìjẹ̀ṣà. Ẹ̀yin náà ti gbọ́ nípa Òṣómàáló, àwọn oníṣòwò Ìjẹ̀ṣà tí wọ́n ń ru aṣọ kiri ìlú onílùú, tí wọ́n ń tà á láwìn, tí wọ́n sì ń padà wá gba owó. Orúkọ wọn ló ń ṣàlàyé iṣẹ́ wọn: ẹni tí yóò lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà onígbèsè títí owó yóò fi pé. Ẹni tó ń ta ọjà àwìn nílùú tí kì í ṣe tirẹ̀ kò lè ṣe é láìní onílé níbẹ̀, ẹni tó mọ irú ènìyàn tí oníbàárà jẹ́, tí yóò sì dá sí i bí ìjà bá dé. Bí ó bá pẹ́ lẹ́nu ìrìn-àjò báyìí, tí owó bá dé, yóò padà sí Iléṣà, yóò kọ́ pẹ́tẹ́ẹ̀sì. J. D. Y. Peel, ẹni tí ìwé rẹ̀ lórí ìtàn Ìjẹ̀ṣà jáde ní 1983, kọ púpọ̀ nípa àwọn oníṣòwò wọ̀nyí. Ohun tí èmi fẹ́ fi kún un ni pé ọ̀pọ̀ nínú àwọn pẹ́tẹ́ẹ̀sì náà jẹ́ ilé tí àlejò kọ́. Ẹni tó ti sun ilé onílé fún ọdún gbọọrọ ló ń fi owó rẹ̀ di onílé.

Ilé tí mo sùn sí yìí, àwòṣe Àgùdà ni. Àwọn tó ti oko ẹrú Brazil padà wá sí Èkó ló mú irú ilé bẹ́ẹ̀ wá. Lẹ́yìn náà ni àwọn ọlọ́wó ìlú òkè wò ó kọ́. Kò ní àgbàlá láàrin bí agboolé àtijọ́. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ kan ló la inú ilé já láti iwájú dé ẹ̀yìn, yàrá sì wà ní ọ̀tún àti òsì. Ògiri rẹ̀ amọ̀ ni, ó nípọn débi pé mo lè jókòó dáadáa sójú fèrèsé. Pákó ni ilẹ̀ òkè, bí ọmọ kan bá sì sáré kọjá lóru, gbogbo ilé á gbọ́. Ẹ̀fọn wà, n kò ní purọ́. Ilé ìgbọ̀nsẹ̀ wà nísàlẹ̀, ní ẹ̀yìnkùlé, àtẹ̀gùn náà sì ga fún ẹni tó bá jí ní aago méjì òru. Ṣùgbọ́n ara ilé tutù ní ọ̀sán gangan láìsí ẹ̀rọ amúlétutù, mo sì sùn.

Ibi tí wọ́n ti ṣe àṣìṣe ni ìta ògiri apá kan. Bírikìlà tí wọ́n kọ́kọ́ pè fi sìmẹ́ǹtì rẹ́ ẹ, ó dán, ó wu ojú. Òjò bíi mélòó kan lẹ́yìn náà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí bọ́ ní wẹ́lẹ́wẹ̀lẹ̀ pẹ̀lú amọ̀ ara ògiri. Amọ̀ máa ń mu omi, ó sì máa ń tú u jáde fún afẹ́fẹ́. Sìmẹ́ǹtì kì í jẹ́ kó tú u jáde. Omi yóò há sínú, amọ̀ ẹ̀yìn yóò rọ̀, ìyókù di ìtàn. Amọ̀ ni wọ́n padà fi rẹ́ ẹ, bí ẹni tó kọ́ ọ ti ṣe. Mo ń sọ èyí nítorí àwọn ọ̀dọ́ tó ń kọ̀wé sí mi pé kí a "sọ ilé bàbá wa di ìgbàlódé". Ẹ rọra o.

Ìyá kan wà nísàlẹ̀ ilé náà, ọmọ ẹni tó kọ́ ọ, ó ti lé ní ọgọ́rin ọdún. "Ilé" ni wọ́n kọ sí pátákó ìta, ṣùgbọ́n "ulé" ni Ìyá ń pè é. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ mọ̀ pé àwọn ẹ̀ka-èdè bí Ìjẹ̀ṣà àti Èkìtì máa ń fi "u" bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ tí Yorùbá àjùmọ̀lò ń fi "i" bẹ̀rẹ̀: ulé, uṣu, ugbó. Mo ti kọ́ni ní èyí lórí pátákó fún ọdún pípẹ́. Nígbà tí Ìyá wí fún mi láàárọ̀ pé ọlọ́jọ́ ti pẹ́ tó ń pe ulé yìí ní tirẹ̀, inú kíláàsì mi wá dà bí ìran òkèèrè lójú mi. Ta ni yóò máa sọ "ulé" nínú ṣọ́ọ̀bù?

Ní Òṣogbo, ojú ọ̀nà tí ń jẹ́ Ọ̀nà Ìbòkun, tí a fi orúkọ ìlú Ìjẹ̀ṣà kan pè, ilé kan wà níbẹ̀ tí gbogbo ayé mọ̀. Pẹ́tẹ́ẹ̀sì àwòṣe Àgùdà ni òun náà. Susanne Wenger, tí wọ́n bí ní Graz ní Austria ní 1915, tó sì dé Nàìjíríà ní 1950, ló gbé inú rẹ̀ fún ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọdún títí ó fi kú ní oṣù Kìíní 2009. Òun àti àwọn oníṣẹ́ ọnà bí Adébísí Àkànjí, tó jẹ́ bírikìlà tẹ́lẹ̀, ni wọ́n jọ tún Igbó Ọ̀ṣun ṣe, èyí tí UNESCO kà mọ́ ohun àjogúnbá àgbáyé ní 2005. Ọ̀rọ̀ igbó ni a sábà máa ń sọ. Ilé náà ni èmi ń tọ́ka sí. Àlejò ni obìnrin yìí. Wọ́n gbà á, wọ́n sọ ọ́ ní Àdùnní, ó tọ́ ọmọ nínú ilé náà, ó di onílé. Àwọn ère kún àtẹ̀gùn àti pálọ̀, ènìyàn sì ń dáná níbẹ̀.

Àwọn kan yóò ní kí ìjọba sọ irú ilé báyìí di ilé ìṣẹ̀ǹbáyé. N kò kórìíra ìyẹn. Pẹ́tẹ́ẹ̀sì àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà, tí àwọn ajíhìnrere CMS parí ní Àgbádárìgì létí ọ̀sà ní 1845, ṣì dúró. Àwọn ènìyàn ń sanwó wọ ibẹ̀, wọ́n wò ó, wọ́n jáde. Ṣùgbọ́n ìkéde ìjọba nìkan kì í gba ilé là. Ilojo Bar ní Èkó, tí ìdílé Fernandez kọ́ ní 1855 fún oúnjẹ àti ọtí, ìjọba kéde rẹ̀ ní ohun ìrántí orílẹ̀-èdè ní 1956. Ní ọjọ́ Àìkú, 11 oṣù Kẹsàn-án 2016, wọ́n wó o palẹ̀. Ó ti pẹ́ tí àwọn Sípéénì ti ń kó arìnrìn-àjò sínú àwọn ààfin àtijọ́ wọn, owó tí àlejò ń san ni wọ́n sì fi ń tún òrùlé ṣe. Ìyẹn ṣeé wò. Kìkì pé nínú ààfin bẹ́ẹ̀, òṣìṣẹ́ ni yóò kí ọ káàbọ̀, ọmọ ilé kọ́.

Nítorí náà, èsì mi sí olórí ẹbí nìyí. Ẹni tó fẹ́ ra ilẹ̀ kì í ṣe ọ̀tá, owó rẹ̀ sì pọ̀ lójú. Ṣùgbọ́n ìyàwó mẹ́rin ni bàbá náà fẹ́, ìdí igi mẹ́rin ni yóò pín in, àwọn ọmọ àti ọmọ-ọmọ yóò sì tún pín tiwọn. Èmi àti Bàbá jọ ṣírò rẹ̀ sórí ìwé: ohun tí yóò kan ẹnì kọ̀ọ̀kan kò lè ra ọ̀kadà àlòkù. Ẹ má tà á. Ẹ gbé ilé ìgbọ̀nsẹ̀ kan gòkè. Ẹ pa páànù tó ń jò dà kí òjò tó tún dé. Àwọn kan nínú ẹbí fẹ́ kó Ìyá lọ sí Èkó kí yàrá nísàlẹ̀ lè ṣófo fún àlejò tó ń sanwó. Ibẹ̀ ni mo ti yapa sí wọn pátápátá. Bí Ìyá bá kúrò, ilé èrò ni ẹ ní lọ́wọ́, òtẹ́ẹ̀lì tó mọ́ jù ú lọ sì pọ̀ ní ìgboro.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ tí mò ń lọ, wọ́n gbé ìwé àlejò fún mi kí n kọ orúkọ, àdírẹ́sì àti iṣẹ́ mi. Ìyá ní kí n kà á sí òun létí. Mo kà á tán, ó dákẹ́ díẹ̀, ó wá bi mí pé, "Agboolé yín ńkọ́?" Kò sí àyè fún un nínú ìwé náà. Mo kọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́.

Ẹ óò gbọ́ ibi tí ìpàdé bá já sí. Ó dìgbà kan ná.