Ilé Tó Mọ Ilẹ̀ Tó Jókòó Lé

Ọ̀rẹ́ mi kan, kọ́ńgílá ni, iṣẹ́ ilé kíkọ́ ló fi ń jẹun. Òun ló ní kí n mú òun dé igbó Ọ̀ṣun ní Òṣogbo. Ó ní òun ti ń gbọ́ ọ tipẹ́ pé UNESCO kọ ibẹ̀ mọ́ ohun àjogúnbá gbogbo ayé, àfi kí òun fojú ara òun rí i. A wọlé, a rìn, a kọjá lára ògiri, a kọjá lára ère tó na ọwọ́ sókè láàárín igi. Nígbà tó yá, ọ̀gbẹ́ni dúró, ó nu òógùn ojú, ó ní, "Ilé ọ̀hún dà? Ìgbà wo la máa tó débẹ̀ gan-an?"

Ẹ ò rí nǹkan! Inú ohun tó ń wá ló ti wà láti bíi wákàtí kan.

Mo kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n nígbà tó bẹ̀rẹ̀ sí í ka ohun tí òun ì bá ṣe ká ní wọ́n gbé iṣẹ́ ibẹ̀ fún òun ni, ẹ̀rín kú mọ́ mi lẹ́nu. Ó ní òun á gé igi, òun á fi katapílà tẹ́ ilẹ̀ pẹrẹsẹ, òun á da kọnkéré, òun á wá gbé ilé alájà mẹ́ta onígíláàsì kalẹ̀, tí èèyàn á máa rí láti ojú títì. Ó ní ìyẹn làlejò fi máa mọ̀ pé a ti lajú.

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ má bú u. Bí ọ̀pọ̀ nínú wa ṣe ń ronú nìyẹn. Tí a bá ti gbọ́ pé wọ́n fẹ́ kọ́ ilé ìṣẹ̀ǹbáyé, igi la kọ́kọ́ máa ń wá àáké sí.

Susanne Wenger, ará Austria tí a mọ̀ sí Àdùnní Olórìṣà, dé Nàìjíríà lọ́dún 1950. Nígbà tó fi máa dé Òṣogbo, àwọn ojúbọ ti ń wó, àwọn kan sì ti ń gé igi, wọ́n ń dẹ ìgbẹ́, wọ́n ń pẹja níbi tí wọn kì í ti í ṣe é. Kò pe katapílà. Àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ tó wà nílẹ̀ ló bá ṣiṣẹ́. Adébísí Àkànjí, bíríkìlà ni tẹ́lẹ̀ kó tó di ẹni tó ń fi sìmẹ́ńtì ṣọnà. Bùràímọ̀ Gbàdàmọ́sí ń gbẹ́ òkúta, Kàsálì Àkàngbé ń gbẹ́ igi. Wọ́n fi amọ̀, igi àti sìmẹ́ńtì ṣiṣẹ́, igbó ló sì ń sọ ibi tí ògiri máa yà sí. Ọdún 1965 nìjọba kọ́kọ́ sọ apá kan ibẹ̀ di ohun ìrántí orílẹ̀-èdè, UNESCO wá kọ ọ́ sílẹ̀ lọ́dún 2005. Hẹ́kítà 75 ni gbogbo rẹ̀, ìyẹn á tó pápá bọ́ọ̀lù 100. Ká ní wọ́n ti gé igi yẹn ni, kí ni àlejò ì bá wá wò? Ọ̀ṣun kì í gbé inú gíláàsì.

Ọ̀rẹ́ mi ní, "Ọ̀rọ̀ òrìṣà nìyẹn. Sọ ti ilé gidi."

Ó dáa, mo mú un lọ sí South Africa lẹ́nu. Ìlú àtijọ́ kan wà níbẹ̀ tó ń jẹ́ Mapungubwe, ìtòsí ibi tí odò Limpopo àti Shashe ti pàdé. Nígbà tí wọ́n fẹ́ kọ́ ilé tí wọ́n á ti máa ṣàlàyé ìtàn rẹ̀, ayàwòrán ilé kan, Peter Rich, ní ilẹ̀ ibẹ̀ gan-an ni kí wọ́n fi kọ́ ọ. Wọ́n po iyẹ̀pẹ̀ mọ́ sìmẹ́ńtì díẹ̀, àwọn ará àdúgbò tí kò níṣẹ́ lọ́wọ́ ló sì tẹ̀ ẹ́ ní táìsì, bíi 200,000. Táìsì yẹn ni wọ́n fi ṣe òrùlé tó tẹ̀ kọrọdọ bí òkè kékeré, tí wọ́n wá to òkúta ibẹ̀ bò ó. Téèyàn bá wò ó lókèèrè, á rò pé ara òkè ni. Lọ́dún 2009, ilé oníyẹ̀pẹ̀ yìí ló gba ipò kìn-ín-ní láàárín àwọn ilé tuntun gbogbo àgbáyé níbi ìdíje kan ní Barcelona. Àwọn onígíláàsì wà níbẹ̀ o!

Àbí Èkó ló fẹ́ ká sọ? Ilé àṣà Yorùbá tí wọ́n fi orúkọ John Randle pè ní Oníkan, tí wọ́n ṣí ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2023, ọmọ wa Seun Oduwole ló ya àwòrán rẹ̀. Láti ilẹ̀ ni òrùlé rẹ̀ ti ń gùn lọ sókè, koríko ló sì wà lórí rẹ̀.

Ọ̀rẹ́ mi dákẹ́ díẹ̀. Ó wá béèrè ọ̀rọ̀ kan tó gún mi lọ́kàn: "Ta ló ń tún wọn ṣe?"

Òótọ́ ló sọ. Amọ̀ kò mọ̀ pé ìjọba kò tíì fọwọ́ sí owó. Òjò á rọ̀, ògiri á sán, gbòǹgbò á ti ère, igi á ya lu òrùlé. Ẹni tó bá kọ́ irú ilé bẹ́ẹ̀ tí kò ya owó àtúnṣe sọ́tọ̀ lọ́dọọdún, àwókù ló kọ́.

Àtúnṣe ògiri nìkan kọ́ o. Àwọn tó ń wa góòlù lókè odò ti sọ omi Ọ̀ṣun di pípọ́n bí ẹrẹ̀. Lọ́dún 2022, nígbà ọdún Ọ̀ṣun, ìjọba ìpínlẹ̀ náà kìlọ̀ fáwọn èèyàn pé kí wọ́n má mu ún. Ilé gíláàsì lè jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ odò tó bàjẹ́ kó ṣì máa dán. Ṣùgbọ́n ilé tó fi igbó ṣe ògiri, tó fi odò ṣe ìloro, ọjọ́ tí odò àti igbó bá kú lòun náà kú.

Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ ń buwọ́ lu iṣẹ́, ẹ jọ̀ọ́, kí kọ́ńgílá tó gbé katapílà dé, ẹ ka igi tó wà nílẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ayàwòrán ilé rí ilẹ̀ náà lójò, kó rí i lẹ́ẹ̀rùn. Kí ẹ sì lé àwọn tó ń da ẹrẹ̀ sódò kúrò.

Nígbà tí à ń jáde, ọ̀rẹ́ mi jókòó sábẹ́ igi kan, ó tú bọ́tìnnì ẹ̀wù rẹ̀. Ó ní, "Ibí yìí tutù o." Mo ní òun ló fẹ́ gé e yẹn.

Ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.