Bí kọ̀ǹpútà bá yarí lópin oṣù: ẹ má tíì pe akọ̀wé lólè o

Ọ̀rọ̀ owó kì í ṣe ọ̀rọ̀ àwàdà. Ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, ilé ìwé aládàáni àti iléeṣẹ́ kéékèèké ló ti gbé ìwé lẹ́jà tì, inú Microsoft Access ni wọ́n ń kọ owó wọn sí. Lọ́dún 1992 niléeṣẹ́ Microsoft gbé e jáde l'Amẹ́ríkà, títí dòní làwọn èèyàn sì ń lò ó. Ohun tó mú kó wù wọ́n kò ju pé èèyàn á tẹ bọ́tìnnì kan ṣoṣo, iṣẹ́ tí wọn ì bá fi ọjọ́ mẹ́ta ṣe á sì parí kí wọ́n tó ṣẹ́jú.

Ohun tó wà nídìí bọ́tìnnì ọ̀hún ni wọ́n ń pè ní macro. Àwọn àṣẹ tí wọ́n tò tẹ̀léra ni: ṣí ìwé yìí, kó owó oṣù yìí wọbẹ̀, ṣe ìṣirò rẹ̀, tẹ̀ ẹ́ jáde. Bí ìgbà tí ìyá bá rán ọmọ níṣẹ́ mẹ́rin lẹ́ẹ̀kan náà ni.

Ìjàngbọ̀n ibẹ̀ ni pé ọmọ yìí ò mọ̀ ju ohun tí wọ́n rán an lọ. Bí wọ́n bá ní kó lọ sílé ìyá aláṣọ, tí ìyá aláṣọ sì ti kó lọ sádùúgbò mìíràn, ẹnu ọ̀nà ló máa dúró sí, táá bú sẹ́kún. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni macro ń ṣe. Ẹnì kan lè yí orúkọ àtẹ àkọsílẹ̀ kan padà láàárọ̀, láti "Owo" sí "Owo Osu", kó má sì sọ fẹ́nikẹ́ni. Orúkọ àtijọ́ ni macro máa wá lọ. Bí kò bá ti rí i, iṣẹ́ dúró nìyẹn, "Action Failed" á sì yọ lójú kọ̀ǹpútà.

Níbi tá a dé yìí lọ̀pọ̀ akọ̀wé ti ń ba nǹkan jẹ́. Àyà wọn á já, wọ́n á yára tẹ "Stop All Macros" kí àpótí burúkú náà lè kúrò níwájú wọn kí ọ̀gá tó rí i. Bẹ́ẹ̀, ẹlẹ́rìí ni wọ́n lé lọ yẹn! Ọ̀rọ̀ tó kọ́kọ́ jáde, ìyẹn kí "Action Failed" tó yọ, ló sábà máa ń sọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Àpótí tó tẹ̀ lé e á sọ orúkọ macro tó kọsẹ̀, á sọ àṣẹ tó wà lẹ́nu ẹ̀ nígbà tó kọsẹ̀, á sọ ohun tí wọ́n ní kó fi ṣe é, á tún fi nọ́ńbà àṣìṣe náà hàn. Ẹ mú bírò, kẹ́ ẹ kọ gbogbo ẹ̀ sílẹ̀ kẹ́ ẹ tó tẹ ohunkóhun.

Bí ọ̀rọ̀ ò bá tíì yé yín, ẹ fi macro náà sí Design View, kẹ́ ẹ tẹ "Single Step", kẹ́ ẹ wá tẹ "Run". Ó di pé kó máa gbé ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan, kó sì máa dúró bèèrè lọ́wọ́ yín. Bẹ́ ẹ bá tẹ "Step", á gbé ẹsẹ̀ kan sí i. Ibi tó bá ti ṣubú, ibẹ̀ làìsàn wà.

Nọ́ńbà kan wà tó ń da àwọn èèyàn láàmú, 2950 ni. Ìgbà tí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ kó iṣẹ́ lọ sórí kọ̀ǹpútà tuntun ló sábà máa ń yọjú. Macro lè má ní àbùkù kankan o. Access ni ò fọkàn tán fáìlì náà. Láti orí Access ti ọdún 2007 ló ti ń ṣe bẹ́ẹ̀. Bó bá jẹ́ fáìlì tẹ́ ẹ mọ ẹni tó ṣe é ni, ẹ tẹ "Enable Content" tó wà lókè, tàbí kẹ́ ẹ lọ sí "Trust Center", kẹ́ ẹ forúkọ ibi tẹ́ ẹ gbé e sí sílẹ̀ níbẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ má fọwọ́ yẹpẹrẹ mú un. Ní March 1999, macro kan tí wọ́n pè ní Melissa fara pamọ́ sínú ìwé Word, ó sì ń fi ara ẹ̀ ránṣẹ́ sí àádọ́ta èèyàn àkọ́kọ́ tó bá bá nínú ìwé àdírẹ́sì ẹni tó bá ṣí i. David L. Smith tó ṣe é fẹ̀wọ̀n oṣù 20 jura lọ́dún 2002. Nígbà tó sì di 2022, Microsoft bẹ̀rẹ̀ sí í dènà macro inú fáìlì tó bá ti orí íntánẹ́ẹ̀tì wá. Fáìlì tẹ́ ò mọ bàbá ẹ̀, ẹ má ṣílẹ̀kùn fún un.

Macro mìíràn wà tó ń jẹ́ AutoExec, òun ló ń ṣiṣẹ́ gbàrà tí wọ́n bá ti ṣí fáìlì. Bó bá bàjẹ́, ó lè má jẹ́ kẹ́ ẹ ráyè wọlé rárá. Ẹ di bọ́tìnnì Shift mú bẹ́ ẹ ṣe ń ṣí fáìlì náà. Àyàfi tẹ́ni tó ṣe é bá ti dí ọ̀nà yẹn pa, ẹ máa wọlé láìjẹ́ pé AutoExec jí.

Èyí tó burú jù nínú gbogbo wọn ni macro tí ò pariwo. Àṣẹ kan wà tó ń jẹ́ SetWarnings. Bí wọ́n bá fi sí "No", Access ò ní kìlọ̀ fẹ́nikẹ́ni nídìí irú iṣẹ́ yìí. Ẹ jẹ́ ká ní ọgọ́ta ọmọ ẹgbẹ́ ló dáwó, tí nọ́ńbà àwọn márùn-ún sì ti wà nínú àtẹ tí kì í gba nọ́ńbà kan náà lẹ́ẹ̀mejì. Access á gba márùndínlọ́gọ́ta wọlé, á da márùn-ún nù, kò sì ní sọ nǹkan kan. Ó dọjọ́ ìpàdé, owó ò pé nínú ìwé, wọ́n á ní akọ̀wé ti kówó jẹ. Èèyàn lè tipa báyìí pàdánù iṣẹ́, kórúkọ ẹ̀ sì bàjẹ́ láìmọwọ́mẹsẹ̀.

Kí ni ṣíṣe? Ẹ ṣe ẹ̀dà fáìlì náà sọ́tọ̀ kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kàn án. Lórí ẹ̀dà yẹn, ẹ dá SetWarnings padà sí "Yes", kẹ́ ẹ tẹ macro náà wò, ohun tó ń gbé pamọ́ á tú jáde. Ẹ ka iye orúkọ tó wà níbẹ̀ kó tó ṣiṣẹ́, kẹ́ ẹ tún kà á lẹ́yìn náà. Ẹni tó bá ní Access 2007 tàbí èyí tó jáde lẹ́yìn ẹ̀ lè fi àṣẹ OnError sí ìbẹ̀rẹ̀ macro, kó lè máa darí ẹ̀ síbi tí yóò ti sọ̀rọ̀ síta bí àṣìṣe bá ṣẹlẹ̀.

Ẹ̀yin ọ̀gá náà, ẹ rọra o. Àwọn àgbà ní agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Kẹ́ ẹ tó fa akọ̀wé lé ọlọ́pàá lọ́wọ́, ẹ jẹ́ kí macro náà wá rojọ́ tiẹ̀, ẹsẹ̀ kan lẹ́yìn òmíràn.