Ẹ Má Ṣe Pè É Ní Àmúwá Ọlọ́run

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́jáde ẹlẹgbẹ́ mi, àti ẹ̀yin òbí ọ̀wọ́n, bí a ti ń dúpẹ́ fún ọdún mìíràn tí Olúwa fi kún ọjọ́ orí ilé ẹ̀kọ́ wa, ọ̀rọ̀ kan wà tí mo fẹ́ kí a jọ rò. Púpọ̀ nínú wa ti di onímọ̀ ẹ̀rọ, agbaṣẹ́ṣe, onílé àti alága ìgbìmọ̀ ìkọ́lé nínú ìjọ. Ní Èkó, láti Ìkòyí dé Eko Atlantic, kíréènì gogoro tí ń gbé irin àti kankéré lọ sókè ilé alájà púpọ̀ ti di ohun tí ojú ń rí lójoojúmọ́. Àwa tí a ń pàṣẹ pé kí ilé ròkè ni ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ yìí kàn jù lọ.

Nígbà tí irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ bá wó pa ènìyàn, ohun tí ó máa ń kọ́kọ́ jáde lẹ́nu wa ni pé àmúwá Ọlọ́run ni. Èmi tí mo ń dúró lórí àga ìwàásù kò fara mọ́ ọn. Nínú ìwé Lúùkù orí 13, Jésù mẹ́nu kan ènìyàn 18 tí ilé ìṣọ́ Sílóámù wó pa, kò sì gbà pé ẹ̀ṣẹ̀ wọn pọ̀ ju ti àwọn aládùúgbò wọn lọ. Kì í ṣe òkú ni a ó dá lẹ́bi. Ṣùgbọ́n nínú Diutarónómì orí 22, Ọlọ́run pa á láṣẹ fún ẹni tí ó bá kọ́ ilé pé kí ó mọ odi kúkúrú yí etí òrùlé ká. Bí kò bá ṣe bẹ́ẹ̀, òun ni yóò dáhùn fún ẹni tí ó bá já bọ́.

Ẹ wo bí kíréènì ti máa ń wó. Ní ọjọ́ 15 oṣù kẹta ọdún 2008, ní ìlú New York, àwọn òṣìṣẹ́ ń gbé àmùrè irin ńlá kan sókè, èyí tí wọn yóò fi de kíréènì mọ́ ara ilé. Ọ̀já mẹ́rin ni wọ́n fi so ó rọ̀, bẹ́ẹ̀ ni ìlànà àwọn tí ó ṣe ẹ̀rọ náà béèrè ju èyí lọ. Ọ̀kan nínú ọ̀já náà sì ti gbó. Ọ̀já já, irin bọ́, kíréènì wó dábùú òpópónà, ènìyàn 7 sì kú.

Ní Seattle, ní ọjọ́ 27 oṣù kẹrin ọdún 2019, wọ́n ń tú kíréènì palẹ̀. Ó yẹ kí wọ́n máa yọ píìnì irin tí ó so òpó rẹ̀ pọ̀ ní ìpele-ìpele, bí wọ́n ti ń sọ òpó kọ̀ọ̀kan kalẹ̀. Wọ́n ti yọ èyí tí ó pọ̀ jù nínú wọn kí àkókò tó tó. Ẹ̀fúùfù fẹ́, òpó wó: òṣìṣẹ́ 2 kú, ènìyàn 2 tí wọ́n wà nínú ọkọ̀ lójú títì náà kú. Lóòótọ́, ẹ̀fúùfù fẹ́, ṣùgbọ́n ẹ̀fúùfù kọ́ ni ó yọ píìnì.

Àwọn kan yóò sọ pé òfin ni ó kù. Òfin ṣe pàtàkì. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, níbi tí púpọ̀ nínú àwọn ọmọ wa ń gbé, òfin ọdún 1998 béèrè pé kí ẹni tí ó mọ iṣẹ́ ṣètò gbígbé ẹrù kọ̀ọ̀kan, kí a sì máa yẹ okùn àti ìkọ́ wò fínnífínní ní oṣù mẹ́fà-mẹ́fà. Síbẹ̀, ní ọdún 2006, kíréènì kan wó ní Battersea, ní Lọ́ńdọ̀nù, ènìyàn 2 sì kú. Bóòtù rẹ̀ ti ṣẹ́ ní nǹkan bí oṣù méjì ṣáájú. Wọ́n pààrọ̀ rẹ̀. Wọn kò wádìí ohun tí ó ṣẹ́ ẹ.

Ohun tí ó ṣe aláìní ni ẹni tí yóò sọ pé, “Ẹ dúró.” Ní ọ̀dọ̀ wa, ọ̀rọ̀ yìí ṣòro láti sọ. Ọ̀dọ́mọkùnrin tí ń so ẹrù rí i pé okùn ti ń tú, ṣùgbọ́n bí ó bá sọ̀rọ̀, wọn a ní ó ń ṣe àfojúdi sí ọ̀gá. Owó tí a fi ya kíréènì ń lọ lójoojúmọ́, onílé sì ti mú ọjọ́ ìṣílé. Mo mọ̀ pé ìdádúró a máa náni lówó. Ìdí nìyẹn tí kò fi yẹ kí ẹni tí owó ń lé ní eré nìkan máa pinnu. Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, ni a fi dá Ilé-Ifẹ̀.

Nítorí náà, ẹ̀yin onílé àti agbaṣẹ́ṣe, ẹ béèrè ìwé àyẹ̀wò kíréènì kí ó tó gbé ẹrù kan. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹrù kọjá lórí ènìyàn. Ẹ kọ ọ́ sínú àdéhùn pé ẹni tí ó bá dá iṣẹ́ dúró nítorí ewu kò ní pàdánù owó iṣẹ́ ọjọ́ náà. Ẹ̀yin òjíṣẹ́ Ọlọ́run ẹlẹgbẹ́ mi, kí a tó gbàdúrà lórí ìpìlẹ̀, ẹ jẹ́ kí a béèrè ohun kan náà. Àdúrà kì í ṣe arọ́pò àyẹ̀wò. Ẹ̀yin òbí tí ọmọ yín ń ṣiṣẹ́ ìkọ́lé, ẹ bi í léèrè lónìí: ta ni ó lè sọ pé “Ẹ dúró” níbi iṣẹ́ rẹ? Bí kò bá rí ìdáhùn, ẹ̀rọ náà kò tíì yẹ ní títàn.