Visual Studio: Professional ni àbí Enterprise? Ohun tó yẹ kí ọ̀dọ́ Afijio mọ̀ kó tó náwó

Ọ̀dọ́ tó bá jókòó sídìí kọ̀ǹpútà ní Imini, Fiditi tàbí Ilora, tó fẹ́ kọ ètò tí ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù á fi máa ṣírò owó, tàbí èyí tí ilé ìwé á fi máa tẹ èsì ìdánwò jáde, kò ní pẹ́ tó fi máa gbọ́ orúkọ Visual Studio. Irinṣẹ́ tí ilé-iṣẹ́ Microsoft ṣe fún àwọn tó ń kọ ètò kọ̀ǹpútà ni.

Ẹ̀dà mẹ́ta ló wà: Community, tó jẹ́ ọ̀fẹ́, Professional, tó ń gba owó, àti Enterprise, tó ń gba owó gọbọi. Orúkọ yìí gan-an ló ń ṣi àwọn kan lọ́nà. Wọ́n á rò pé Professional ni ti ẹni tó mọṣẹ́, Enterprise sì ni ti ọ̀gá pátápátá. Kò rí bẹ́ẹ̀ o.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo owó. Ẹni tó bá ń san án lóṣooṣù, dọ́là 45 ni Professional fún ẹnì kan, Enterprise sì jẹ́ dọ́là 250. Kí náírà tó já wálẹ̀ ní oṣù kẹfà ọdún 2023, nǹkan bíi 470 náírà ni dọ́là kan ní ọjà ìjọba. Kí ọdún 2024 tó parí, ó ti lé ní 1,500. Ìyẹn ni pé Professional tó jẹ́ nǹkan bí 21,000 náírà lóṣù di 67,500, Enterprise sì kúrò ní 117,500, ó di 375,000. Owó oṣù tó kéré jù lọ tí ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí lọ́dún 2024 jẹ́ 70,000 náírà. Bí ọ̀dọ́ mẹ́rin bá para pọ̀ dá iṣẹ́ sílẹ̀, tí wọ́n ní Enterprise làwọn máa lò, tí a bá fi iye dọ́là ìparí ọdún 2024 yẹn ṣírò ó, mílíọ̀nù kan ààbọ̀ náírà ni wọ́n máa san lóṣù, kí wọ́n tó san owó iná àti dátà.

Kí ni wọ́n wá fẹ́ fi owó yẹn rà? Kódù tí èèyàn kọ sínú Professional àti èyí tó kọ sínú Enterprise ò yàtọ̀ síra. Enterprise ò ní mú kí kọ̀ǹpútà tí kò lágbára yára. Ohun tó fi ju ìkejì lọ ni àwọn irinṣẹ́ àyẹ̀wò: IntelliTrace, tó ń tọpasẹ̀ ibi tí àṣìṣe ti wáyé, àti Live Unit Testing, tó ń dán kódù wò bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́ lọ́wọ́. Báńkì tí ọ̀pọ̀ èèyàn ń kọ kódù fún, tí àṣìṣe kan lè da owó oníbàárà rú, mọ ìwúlò wọn. Ṣùgbọ́n ìwọ̀n eku nìwọ̀n ìtẹ́.

Fún ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ Afijio, Community gan-an ló yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Ẹni tó ń dá ṣiṣẹ́ lè lò ó, kó sì ta ohun tó bá fi ṣe. Ilé ìwé lè fi kọ́ akẹ́kọ̀ọ́, iye yòówù kí wọ́n jẹ́. Ilé-iṣẹ́ kékeré náà lè lò ó, bí àwọn tó ń lò ó níbẹ̀ ò bá ju márùn-ún lọ. Àmọ́ ilé-iṣẹ́ tí kọ̀ǹpútà rẹ̀ ju 250 lọ, tàbí tí owó tó ń wọlé fún un lọ́dún ju mílíọ̀nù kan dọ́là lọ, ò láṣẹ láti fi ṣe iṣẹ́ ajé tirẹ̀. Ẹni tí irú ilé-iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ gbé kọ́ńtíráàtì fún wà lábẹ́ òfin yìí náà. Kò lè ní òun ò kì í ṣe òṣìṣẹ́ wọn, kó wá fi Community kọ kódù fún wọn.

Àwọn kan á ní, “Kí la ń da ara wa láàmú sí? Ẹ jẹ́ ká fi Enterprise kíráàkì sí i.” Òfin Copyright Act ti ọdún 2022 dáàbò bo ètò kọ̀ǹpútà, ẹni tó ń lo ayédèrú sì ń rú òfin. Yàtọ̀ síyẹn, fáírọ́ọ̀sì lè fara pa mọ́ sínú kíráàkì. Bó bá wọ kọ̀ǹpútà tí àkọsílẹ̀ owó ẹgbẹ́ wà nínú rẹ̀, owó olówó ló wà nínú ewu yẹn. Ẹni tó láṣẹ láti lo Community lọ́fẹ̀ẹ́, kí ló ń wá lọ sídìí olè?

Láti oṣù kẹwàá ọdún 2023 ni ìjọba àpapọ̀ ti gbé ètò 3MTT kalẹ̀ láti kọ́ mílíọ̀nù mẹ́ta èèyàn níṣẹ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ. Ìkọ́ṣẹ́ dára, ṣùgbọ́n ẹni tó kọ́ṣẹ́ tán gbọ́dọ̀ mọ irinṣẹ́ tí agbára rẹ̀ ká.

Kí ọ̀dọ́ tó yọ owó, kó bi ara rẹ̀ ní ìbéèrè mẹ́ta. Èèyàn mélòó ló máa lò ó? Ta la ń ṣiṣẹ́ náà fún, báwo ni ilé-iṣẹ́ rẹ̀ sì ṣe tóbi tó? Àṣìṣe inú kódù wa ń jẹ àkókò àti owó tó ohun tí Enterprise ń gbà lóṣù bí? Bí wọn ò bá ju márùn-ún lọ, tí ilé-iṣẹ́ ńlá ò sí nínú rẹ̀, Community ti tó. Bí wọ́n bá ti ju bẹ́ẹ̀ lọ, kí wọ́n ra Professional. Ẹni tí ìbéèrè kẹta bá bá wí, kó fi ọgbọ̀n ọjọ́ dán Enterprise wò lọ́fẹ̀ẹ́, nítorí Microsoft fàyè gba ìyẹn, kó tó sanwó.